Àgbádárìgì, Ìlú Àárín Ọ̀sà àti Òkun

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ti Èkó lọ wo Àgbádárìgì ni kì í sùn níbẹ̀. Bọ́ọ̀sì á gbé wọn dé nígbà tí oòrùn ti mú, wọ́n á wọ ilé tí wọ́n ń kó ẹrú pamọ́ sí láyé àtijọ́, wọ́n á ya fọ́tò níwájú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́, wọ́n á wọ ọkọ̀ ojú omi kọjá sí Gberefu, wọ́n á sì ti máa kánjú padà kí ilẹ̀ tó ṣú. N kò bá wọn wí, torí ẹni tó bá mọ ojú ọ̀nà yẹn mọ ohun tí wọ́n ń sá fún. Àmọ́ kí bọ́ọ̀sì wọn tó dé, ìlú ti ṣe iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ dé ìdajì. Àwọn apẹja ti gúnlẹ̀, ẹja ti dọ́jà, wọ́n ti sá àwọ̀n sórí okùn, ẹni tó ni àwọ̀n sì ti lọ sùn. Iṣẹ́ tó ń bọ́ ìlú yìí láti ayébáyé, ìyẹn ẹja pípa, ni àlejò ọ̀sán gangan kì í bá.

Bí ìlú náà ṣe jókòó nìyí. Ọ̀nà márosẹ̀ tó ti Èkó lọ sí ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá ní ìhà àríwá. Iwájú rẹ̀ ni ọ̀sà wà, omi tó fẹ̀, tó dákẹ́, tó na ara rẹ̀ láti apá Èkó títí dé Àjàṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè Benin. Tí ẹ bá kọjá ọ̀sà, ẹ ó bá ilẹ̀ iyanrìn tóóró kan tí igi àgbọn bò, Gberefu nìyẹn. Tí ẹ bá la Gberefu kọjá, ẹ dé etí òkun, kò sì sí ilẹ̀ tí ojú lè rí mọ́. Ọ̀sà gba ẹnì kan ṣoṣo pẹ̀lú àjẹ̀ rẹ̀. Òkun kì í gba ẹnì kan, ẹgbẹ́ ló ń gbà. Láàárín omi méjèèjì yìí ni àwọn Ògù, tí àwa Yorùbá ń pè ní Ẹ̀gùn, tẹ̀dó sí, tí àwọn Àwórì àti Yorùbá mìíràn ń bá wọn gbé. Ẹ ó gbọ́ kí ìyá kan bá ọmọ rẹ̀ wí ní Ògù, kó yíjú sí oníbàárà kó fi Yorùbá ná ọjà, kó sì padà sórí ọmọ rẹ̀ láìmí.

Etí ọ̀sà ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, ní ìdájí, kí wọ́n tó pa iná ilé. Ìkùukùu máa ń wà lójú omi nígbà yẹn, pàápàá nígbà ọyẹ́, débi pé ẹ ó kọ́kọ́ gbọ́ ọkọ̀ kí ẹ tó rí i: àjẹ̀ á máa kan ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, ẹnì kan á wúkọ́, omi á máa jò láti ara àwọ̀n. Lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ ọlọ́pọ́n kan á yọ, ó kéré, ó rẹlẹ̀ débi pé omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bá etí rẹ̀ dọ́gba. Ọkùnrin kan á dúró ní ẹ̀yìn, á máa fi ọ̀pá tì í. Àwọ̀n tó tutù wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ìgèrè mẹ́ta mẹ́rin wà níwájú. Ìgèrè yìí ni àwọn tó ń pa edé àti akàn máa ń sọ sínú omi lálẹ́, tí wọ́n á lọ wò ó kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹnu rẹ̀ ń gba ẹja wọlé, kò jẹ́ kó jáde.

Kí ọkọ̀ tó gúnlẹ̀ ni àwọn obìnrin ti dúró sínú omi dé orúnkún, bàsíà lọ́wọ́. Ní èbúté tí mo dúró sí, apẹja kò bá ẹnikẹ́ni ná ẹja. Ó kó o fún ìyàwó rẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí ọjà, ó ń tú àwọ̀n rẹ̀. Obìnrin náà ló ṣà á: òbòkún lọ́tọ̀, èpìà lọ́tọ̀, èyí tó kéré jù sínú abọ́ kan fún ọbẹ̀ ilé. Oníbàárà kan tó ti ojú ọ̀nà sọ̀kalẹ̀ wá nawọ́ sí òbòkún tó tóbi jù nínú bàsíà.

"Màmá, ẹ gba ẹgbẹ̀rún mẹ́rin lórí eléyìí."

"Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin kẹ̀? Ẹ wo ojú rẹ̀ ná, ṣebí ó ṣì ń wò yín. Ẹ mú méje wá."

"Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, ẹ ṣe mí dáadáa, èmi ni mo kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ yín."

"Torí ẹ kọ́kọ́ dé ni mo ṣe ní méje. Ẹni tó bá dé lẹ́yìn yín, mẹ́jọ ni."

Wọ́n parí rẹ̀ sí ẹgbẹ̀rún márùn-ún àbọ̀. Obìnrin náà bu edé ẹ̀kúnwọ́ kan lé e ní èènì, ó sì súre fún oníbàárà rẹ̀ ní Ògù. Ẹni tí kò bá mọ ẹja ra, kó wo ohun tí ọkùnrin yẹn ṣe kó tó sanwó: ó gbé abẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹja náà sókè, ibi tó ti ń mí, ó wò ó bóyá ó pọ́n, ó sì fi ìka tẹ ìhà rẹ̀ wò bóyá ẹran ibẹ̀ padà sípò. Tó bá ti rẹ̀ dòdò, ẹja àná ni.

Nígbà tí ìkùukùu bá ká, ẹ ó rí àwọn igi kan tó yọrí nínú ọ̀sà lọ́nà jíjìn, bí wọ́n ṣe tò ó fi hàn pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ gún un síbẹ̀ ni. Akaja nìyẹn. Ọgbọ́n àwọn ará ọ̀sà yìí ni, láti Àgbádárìgì títí wọ ilẹ̀ Benin. Wọ́n á gé ẹ̀ka igi, wọ́n á gún un mọ́ ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ omi, ó máa ń fẹ̀ bí igbó kékeré. Bí ẹ̀ka náà ṣe ń jẹrà ni ewédò ń hù lára rẹ̀, ni ẹja ń wá jẹ ewédò náà, ni wọ́n ń sá pamọ́ síbẹ̀ tí wọ́n sì ń bímọ síbẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ẹni tó ni ín á fi àwọ̀n yí i ká, á fa àwọn ẹ̀ka náà yọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, á wá kó ẹja tó kù sáàárín. Oko ni, àfi pé inú omi ló wà. Ẹni tó bá lọ pẹja nínú akaja ẹlòmíràn ti jalè, wọn kì í sì í fi ọwọ́ kékeré mú un.

Ohun tó ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ kò fara sin. Ọdún 1984 ni koríko ojú omi tó ń tan òdòdó aláwọ̀ àlùkò gba ọ̀sà wọlé láti ilẹ̀ Benin, Àgbádárìgì yìí ni wọ́n sì ti kọ́kọ́ rí i ní Nàìjíríà kó tó tàn dé ibi gbogbo. Òdòdó rẹ̀ lẹ́wà, n kò ní purọ́. Nígbà tí omi òjò bá pọ̀, tí iyọ̀ inú ọ̀sà dín kù, á so pọ̀ mọ́ ara rẹ̀ débi tí ọkọ̀ kò ní rí ọ̀nà gbà, ẹ̀ńjìnnì á máa wé e mọ́ra. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé tí omi òkun wọlé, iyọ̀ á pa á, á máa rùn. Ẹni tí àwọ̀n rẹ̀ bá wà lábẹ́ rẹ̀ lásìkò yẹn mọ̀ pé gígé ló máa gé e.

Mo bá baba kan lábẹ́ igi lẹ́bàá omi, ó jókòó sórí àpótí, ó ń di àwọ̀n. Ó fi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ òsì fa àwọ̀n náà le, ó fi ọwọ́ òsì wá ibi tó ya, abẹ́rẹ́ wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Abẹ́rẹ́ àwọ̀n kò jọ ti aṣọ: ọparun pẹlẹbẹ ni, ó gùn tó ọwọ́ ẹni, wọ́n gbẹ́ ahọ́n kan sí àárín rẹ̀ tí òwú ń wé mọ́. Ó ní pátákó kékeré kan tó fi ń wọn ojú àwọ̀n kí wọ́n lè dọ́gba, ṣùgbọ́n kò wo pátákó náà rárá. Ọwọ́ rẹ̀ ń lọ bí ìyá ọlọ́jà tó ń ka owó: ó gba inú, ó yí i po, ó fà á, ó fi èékánná tẹ kókó náà mọ́lẹ̀, ó tún ti kan òmíràn. Èékánná àtàǹpàkò ọ̀tún rẹ̀ ti jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ibi tí òwú ọ̀rá ti ń gbà kọjá láti ọdún yìí wá. Mo kí i kú iṣẹ́, mo bi í pé ẹja wo ló ya ihò tó tóbi tó báyìí.

"Akàn ni, ọmọ mi. Ẹja á jà títí á rẹ̀ ẹ́. Akàn kì í jà, gígé ló máa ń gé e."

Ó ní kí n fi ìka bọ ojú àwọ̀n tirẹ̀. Ìka mẹ́ta wọlé. Ó wá na ọwọ́ sí àwọ̀n mìíràn tó wà lórí okùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ó ní kí n fi ìka bọ ìyẹn náà. Agbára káká ni ìka kan fi wọlé. "Ti àwọn ọmọ ìsinsìnyí nìyẹn," ni baba wí. "Ọmọ ẹja ni wọ́n ń kó. Ta ló máa wá bí èyí tí wọ́n máa pa lọ́dún tó ń bọ̀?" Kò gbé ohùn sókè. Ó padà sórí ihò rẹ̀.

Láti etí omi yìí, ẹsẹ̀ ni kí ẹ fi rin ìlú. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí àwọn ajíhìnrere CMS (Church Missionary Society) kọ́ wà ní Marina, ó kọjú sí ọ̀sà. 1842 ni wọ́n fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀, wọ́n parí rẹ̀ ní 1845, òun sì ni ilé alájà àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ajayi Crowther gbé ibẹ̀, ó sì ṣe díẹ̀ lára iṣẹ́ títúmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá níbẹ̀. Igi Agia, tí àwọn ajíhìnrere Thomas Birch Freeman àti Henry Townsend wàásù lábẹ́ rẹ̀ ní 1842, ti wó láti 1959. Ọwọ̀n ìrántí ló wà níbẹ̀ báyìí. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú ìtàn ibẹ̀ kì í sábà sí lẹ́nu àwọn tó ń mú àlejò kiri. Adélé Àjọsùn, ọba Èkó tí wọ́n lé kúrò lórí oyè, Àgbádárìgì ló sá wá. Nígbà tí Richard Lander àti àbúrò rẹ̀ John gúnlẹ̀ síbẹ̀ ní 1830, tí wọ́n ń lọ wá ibi tí Odò Ọya ti wọ òkun, òun ló gbà wọ́n lálejò. Ìlú tó ń gba ẹni tí ìlú mìíràn lé ni Àgbádárìgì, láti ọjọ́ tó ti pẹ́.

Ìlú tó ta ènìyàn rí náà sì ni. Ẹ má ṣe yẹra fún un. Ẹ lọ sí ilé Seriki Williams Abass. Ọmọdé ni wọ́n kó Abass lẹ́rú, ó dé ilẹ̀ Brazil, ó kọ́ èdè Potogí níbẹ̀, ó padà wá di oníṣòwò ẹrú fúnra rẹ̀, ó sì gòkè débi pé ní 1913 ó di olórí gbogbo agbègbè ìwọ̀-oòrùn yẹn lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Ó kú ní 1919. Àwọn ìdílé rẹ̀ ṣì ń gbé inú ọgbà náà, aṣọ wọn wà lórí okùn, ọmọdé ń ṣeré nílẹ̀, yàrá ẹrú sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Wọ́n ní ogójì ni àwọn yàrá náà nígbà náà. Ẹ wọ ọ̀kan. Fèrèsé kan ṣoṣo ló wà, ó kéré, ó sì ga ju orí lọ. Ẹ na ọwọ́ yín méjèèjì, ẹ ó mọ bó ṣe fún tó. Ẹni tó ń mú wa kiri ní ogójì ènìyàn ni wọ́n ń kó sínú ẹyọ yàrá kan bẹ́ẹ̀, ó sì tún ní agbòòrùn kan ṣoṣo ni wọ́n ń fi pààrọ̀ ogójì ènìyàn. Ní ilé àwọn Mobee, ìdílé olóyè tí àwọn náà ṣòwò ẹrú láyé àtijọ́, ẹ̀wọ̀n irin ni ẹ ó bá, àti èyí tí wọ́n fi ń pa ènìyàn lẹ́nu mọ́, àti ẹ̀wọ̀n tí wọ́n rọ fún ọrùn ọwọ́ ọmọdé. Èyí ti ọmọdé yẹn ni n kò lè wò pẹ́.

Ọkọ̀ tó ń lọ sí Gberefu wà ní èbúté Marina. Ẹ wọ láìfù jákẹ́ẹ̀tì kí ọkọ̀ tó ṣí, ẹ sì so okùn rẹ̀ dáadáa. Ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ ti kọjá. Láti ibẹ̀, iyanrìn ni títí dé òkun, iyanrìn tó ń gbé ẹsẹ̀ mì, abẹ́ igi àgbọn lẹ ó sì máa rìn. Ojú ọ̀nà yìí gan-an ni wọ́n ń gbà kó àwọn tí wọ́n mú lẹ́rú lọ sínú ọkọ̀ òyìnbó. Kànga kan wà lọ́nà tí wọ́n ní wọ́n ń fún wọn mu omi inú rẹ̀ kí wọ́n lè gbàgbé ilé. Ẹnu ọ̀nà ìrántí tí wọ́n kọ́ sí etí òkun ni àwọn àlejò ń ya fọ́tò sí, lẹ́yìn náà wọ́n á yí padà. Ẹ má yí padà. Ẹ yà sápá kan, ẹ máa tẹ̀lé etí omi títí ẹ ó fi rí ọkọ̀ gígùn tí wọ́n kun ní oríṣiríṣi ọ̀dà, tí wọ́n fà gun iyanrìn.

Àwọn tó ń fi àwọ̀n ńlá pẹja ní etíkun yìí, bàbá ọ̀pọ̀ nínú wọn tàbí bàbá bàbá wọn wá láti Keta ní Gánà. Wọ́n ti ń tẹ̀lé ẹja bọ̀ lẹ́bàá òkun láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá, àwọn kan dúró, wọ́n fẹ́ ìyàwó, wọ́n bímọ. Àwọ̀n tí wọ́n mú wá kì í ṣe ti ẹnì kan. Ọkọ̀ á gbé e wọ inú òkun, wọ́n á ti so ìdí okùn rẹ̀ mọ́ etí omi. Àwọn awakọ̀ á la ìgbì já, ibẹ̀ ló nira jù, torí ìgbì òkun yìí ga, ó sì máa ń dojú ọkọ̀ dé. Tí wọ́n bá ti kọjá ibi tí ìgbì ti ń fọ́, wọ́n á máa sọ àwọ̀n sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń yí po, wọ́n á sì gbé okùn kejì padà wá sí èbúté níbi tó jìnnà sí ti àkọ́kọ́. Ọ̀wọ́ méjì á wá dúró lórí iyanrìn, ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan lórí okùn tirẹ̀, ọkùnrin, ọ̀dọ́, obìnrin nígbà mìíràn, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í fà.

Ó máa ń gbà tó wákàtí mélòó kan. Ẹni tó wà lẹ́yìn pátápátá ń ká okùn jọ. Ẹni tó bá fà dé ibẹ̀ á jọ̀wọ́ okùn, á sáré padà lọ mú un níwájú, níbi tí omi ti ń lù ú. Ọ̀kan lára wọn ń lu agogo, ó ń dá orin, àwọn yòókù ń gbè é, ẹsẹ̀ wọn ń wọ inú iyanrìn lẹ́ẹ̀kan náà. Orin náà kì í ṣe fún àlejò. Òun ló ń sọ ìgbà tí wọ́n á fà àti ìgbà tí wọ́n á mí. Mo mú okùn náà fún ìgbà díẹ̀, ó wúwo, ó tutù, iyọ̀ inú rẹ̀ sì ń họ àtẹ́lẹwọ́. Ohun tó ń fà ọ́ láti òdì kejì kì í ṣe ẹja, òkun ni.

Nígbà tí ọ̀wọ́ méjèèjì bá sún mọ́ ara wọn, ẹ mọ̀ pé àpò àwọ̀n ti ń bọ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan á lúwẹ̀ẹ́ lọ bá a, á máa ti í láti ẹ̀yìn kó má baà ya. Àwọn ọmọdé á bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, àwọn obìnrin á gbé bàsíà dìde. Lẹ́yìn náà ni àpò náà á jókòó sórí iyanrìn, á máa mì tìtì. Wọ́n tú u. Ṣàwá ló pọ̀ jù, ó ń dán, ó ń ta pàpà. Apò mélòó kan wà níbẹ̀, kúta kan tó gùn tó apá, akàn, edé, àti ẹ̀dá omi kan tó rọ̀, tó mọ́ gaara, tó ń ta ni lára, tí wọ́n fi ọ̀pá yọ dànù. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà kún inú àpò náà, àti ìgò ike, àti bàtà ẹsẹ̀ kan. Ọmọ kékeré kan ló ń ṣa àwọn ọ̀rá náà sọ́tọ̀, wọ́n sì tó òkìtì kan. Ẹni tó ni ọkọ̀ àti àwọ̀n ní ìpín tirẹ̀, àwọn tó fa okùn ní tiwọn, wọ́n sì tún ń fún ọmọdé tó bá fọwọ́ bà á ní ẹ̀kúnwọ́. Àwọn obìnrin á gba èyí tó kù ní àwìn, wọ́n á tà á, wọ́n á wá san owó.

Ẹnì kan lára àwọn àgbà ẹgbẹ́ náà sọ fún mi pé àpò àwọ̀n tó kún ti di ohun tí wọ́n ń retí. Ó nawọ́ sí òkun, ó ní ọkọ̀ irin ńlá ló ń wá lóru, tó ń gbá ìsàlẹ̀ omi mọ́. Òfin ìjọba àpapọ̀ ní kí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ má ṣe wọ inú máìlì òkun márùn-ún sí etíkun, kí ibẹ̀ wà fún àwọn tó ń fi ọkọ̀ kékeré pẹja. Òfin yẹn dára. Ó yẹ kí ẹnì kan máa ṣọ́ ọ lóru, nígbà tí wọ́n ń rú u.

Ìparí iṣẹ́ wà lẹ́yìn ilé, lọ́wọ́ àwọn obìnrin. Ààrò alámọ̀ ni wọ́n ń lò, tàbí àgbá irin tí wọ́n gé sí méjì, wọ́n na àwọ̀n wáyà sí i lórí, wọ́n to ẹja sí i, orí ọ̀kan sí ìrù èkejì kí àyè má baà ṣòfò. Èèpo àgbọn ni wọ́n fi ń dáná rẹ̀, torí kì í jó fòò, èéfín ló ń rú díẹ̀díẹ̀, ó sì ń fún ẹja náà ní àwọ̀ pupa tó dùn ún wò. Ojú àwọn obìnrin náà pọ́n. Ìyá kan tí mo jókòó tì ń yí ẹja rẹ̀ padà pẹ̀lú ọwọ́ lásán, kò bẹ̀rù ooru. Ó mú ọ̀kan fún mi láti orí iná, pẹ̀lú ẹ̀kọ tútù àti ata gígún. Kò sí ilé oúnjẹ kankan ní Èkó tí mo ti jẹ ohun tó tó o.

Àgbọn náà kò ṣeé fojú fò. Àwọn ará ibẹ̀ ń fọ́ ọ, wọ́n ń rin ín, wọ́n ń se òróró rẹ̀, èèpo rẹ̀ lọ sábẹ́ ẹja, imọ̀ rẹ̀ lọ sára ọgbà ilé. Ẹ ra òróró àgbọn lọ́wọ́ ẹni tó se é, ẹ gbóòórùn rẹ̀ kí ẹ tó sanwó. Nílùú tún ni ìlù Sàtó wà, èyí tó ga ju ènìyàn lọ, tí àwọn tó ń lù ú ń jó yí i ká pẹ̀lú kòǹgó lọ́wọ́. Tí ẹ bá bá Sàngbétò pàdé, ẹ dúró lọ́nà jíjìn kí ẹ máa wò ó bó ṣe ń yí bírí bírí pẹ̀lú imọ̀ ara rẹ̀. Òun ni ọlọ́dẹ òru àwọn Ògù kó tó di pé ọlọ́pàá dé, ó sì ní ibi tí kì í fẹ́ kí àlejò dé. Ẹ béèrè lọ́wọ́ onílé kí ẹ tó yọ fóònù jáde.

Ẹni tó bá fẹ́ lọ, reluwé Èkó ti ń gbé èrò láti Marina ti Èkó dé Mile 2 láti 2023, láti ibẹ̀ lẹ ó ti wọ ọkọ̀ Àgbádárìgì. Ẹ wá ọmọ ìlú tó máa mú yín kiri, kí ẹ jọ dá iye rẹ̀ kí ẹ tó gbéra. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló dára jù fún Gberefu, torí òkun ń bínú gidi nígbà òjò. Nígbàkigbà tó wù kó jẹ́, ẹ má ṣe wẹ̀ nínú òkun yẹn. Ẹ wo bí àwọn tí wọ́n bí sí ẹ̀bá rẹ̀ ṣe ń bẹ̀rù rẹ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin olórí ẹgbẹ́ tí ẹ máa ń kó ọmọ lọ síbẹ̀ lọ́dọọdún, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi òru kan kún ètò yín. Ilé ìtura wà ní ìlú náà. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ náà rí ẹ̀wọ̀n àwọn Mobee lọ́sàn-án, kí wọ́n sì jí ní ìdájí lọ sí etí ọ̀sà láti rí àwọn tí ìran wọn kò kúrò níbẹ̀. Kí wọ́n ra ẹja lọ́wọ́ ìyá tó yan án. Kí olúkúlùkù wọn kó ọ̀rá píọ̀ wọ́tà tirẹ̀ padà sínú bọ́ọ̀sì.